Tannáposó l'Abẹ́òkúta: ẹ lọ bá ìyá olódòdó tó wà lọ́nà Òkè-Mósàn

Kí n tètè sọ ọ́: tẹ́ ẹ bá ń wá tannáposó rà l'Abẹ́òkúta, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú lọ sáwọn ibi ńlá ńlá tí wọ́n to pọ́ọ̀tù aláràbarà síwájú títì yẹn. Wọn ò ní i. Wọn ò tiẹ̀ fẹ́ gbọ́ orúkọ ẹ̀ sétí. Ìyá kan wà lọ́nà Òkè-Mósàn, kò sí sáínbọ́ọ̀dù níbẹ̀, kò sí orúkọ ṣọ́ọ̀bù, inú ọ̀rá dúdú lábẹ́ igi máńgòrò ni gbogbo ọjà wọn wà, ọ̀dọ̀ wọn ni mo ti rí i, owó tí wọ́n gbà lọ́wọ́ mi ò sì dùn mí rárá. Àwọn nǹkan tó ń bí èèyàn nínú wà níbẹ̀ o, màá sọ gbogbo ẹ̀, mi ò ní tìtorí pé ìyá náà mọ èèyàn ṣe kí n wá bò ó mọ́lẹ̀.

Àwọn tí wọ́n bí sínú flátì tí wọ́n fi intalọ́ọ̀kì bo gbogbo ilẹ̀ ẹ̀ lè má mọ ohun tí mò ń sọ. Fláwà ẹ̀yìn ilé ni, ó fẹ́ràn ẹ̀gbẹ́ balùwẹ̀ níbi tí omi ìwẹ̀ ń gbà jáde, kì í sábà ga ju ìbàdí àgbà lọ, òdòdó ẹ̀ tín-ín-rín nísàlẹ̀ ó wá fẹ̀ lẹ́nu. Pupa tó fẹ́ẹ́ di àlùkò ló pọ̀ jù nílé wa, àmọ́ yẹ́lò wà, funfun wà, òmíì sì wà tí pupa àti yẹ́lò máa da ara wọn pọ̀ lójú òdòdó kan ṣoṣo, igi kan náà á tún yọ èyí tó jẹ́ yẹ́lò pátápátá, ẹ ò lè mọ irú èyí tó máa là lọ́la. Tẹ́ ẹ bá lọ wò ó lọ́sàn-án gangan ẹ máa ní irọ́ ni mò ń pa, torí gbogbo ẹ̀ á ti ká jọ bí ẹni pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ẹ dúró dìgbà tí òòrùn bá rọlẹ̀, bí ago mẹ́rin sí ago márùn-ún, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í là lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á là sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́júmọ́, òórùn dídùn ẹ̀ á gba gbogbo ẹ̀yìnkùlé, òòrùn àárọ̀ ọjọ́ kejì ló máa ń lé wọn wọlé. Àwọn àfòpiná ńlá tó ní ẹnu gígùn yẹn ni wọ́n ń ṣílẹ̀kùn fún, àwọn ló ń wá mu oje ẹ̀ lóru.

Ilé ìyá ìyá mi ní Ìtòkò ni mo ti mọ̀ ọ́n. Ẹ mọ bí àwọn ilé àtijọ́ yẹn ṣe rí, òkúta ńlá á yọrí sáàárín ọgbà, wọ́n á kọ́ ilé yí i ká, ibi tí erùpẹ̀ bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta yẹn ni tannáposó máa ń hù sí. Kò sẹ́ni tó gbìn ín. Tí ọyẹ́ bá dé á gbẹ, wọ́n á gbá a dànù mọ́ pàǹtí, àmọ́ òjò àkọ́rọ̀ ò ní tíì rọ̀ tán tó ti tún yọrí, torí isu ẹ̀ wà nísàlẹ̀, isu yẹn kì í kú. Màmá àgbà ò ní aago, tẹ́ ẹ bá sì bá wọn sọ̀rọ̀ aago wọ́n á ní aago ta ni. Tí wọ́n bá ti rí i pé tannáposó ti ń là, tí wọ́n sì ti ń pe ìrun Alásárì ní mọ́ṣáláṣí, ó parí, kí ẹnì kan lọ dáná, kí wọ́n gbé omi láfún kaná. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé lọ́jọ́ tí ojú ọjọ́ bá ṣú látàárọ̀, tannáposó ò ní dúró de ago mẹ́rin, á ti là ṣáájú, oúnjẹ alẹ́ á wá jáde nígbà tí oúnjẹ ọ̀sán ò tíì dà nínú wa. Ta ló fẹ́ bá màmá jiyàn?

Àwọn obìnrin ilé ló ni ín jù wá lọ sha. Àbúrò mi obìnrin á já èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ là, á fi èékánná mú kókó ewé kékeré tó wà nídìí ẹ̀, á rọra fà á, kì í fà á tagbáratagbára o, okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ jáde látinú òdòdó náà, okùn yẹn ló so òun àti kókó pọ̀, tó bá ti gùn tó, á ki kókó sínú etí, òdòdó á wá máa fì dirodiro nísàlẹ̀. Yẹtí ọ̀fẹ́. Tó bá fà á jù, á já, á pòṣé, á tún lọ já òmíì. Àwa ọkùnrin, èso ẹ̀ ni tiwa. Dúdú ni, ó hunjọ, ó jọ iyèré, a ó fi òkúta fọ́ ọ, nǹkan funfun kúnnákúnná wà nínú ẹ̀, ìyẹn ni pánkéèkì tá a fi ń kun ojú ìyàwó tá a bá ń ṣe tọkọtìyàwó. Màmá máa ń kìlọ̀ pé ẹni tó bá fi ẹnu kàn án, ọwọ́ ara ẹ̀ ló fi ṣe ara ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló sì rí, èso ẹ̀ àti isu ẹ̀ ní oró, inú rírun, èébì àti ìgbẹ́ gbuuru ló ń fà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ́mọ kékeré nílé, ẹ fìyẹn sọ́kàn kẹ́ ẹ tó gbìn ín.

Àmọ́ kì í ṣe pé mo rántí ìgbà èwe nìkan ni mo fi ń wá a kiri lọ́jọ́ orí mi yìí. Ẹni tó ń gbé Abẹ́òkúta tó ń lọ ṣiṣẹ́ l'Ékòó mọ bó ṣe ń lọ, ìdájí lẹ máa kúrò nílé, yálà ẹ lọ wọ mọ́tò ní Kútọ̀ ni tàbí ẹ lọ dúró de reluwé ní Ládérìn, ilẹ̀ á ti fẹ́ẹ́ ṣú kẹ́ ẹ tó tún rí iwájú ilé yín. Mo ní hibiscus. Hibiscus dáa, mi ò bú u, àmọ́ òdòdó ọjọ́ kan ni, àárọ̀ ló ń là, tí n bá fi máa dé ó ti ká, ó ti ń wá ibi tó máa já sí. Ta ló wá ń wò ó látàárọ̀? Ewúrẹ́ àdúgbò. À ń náwó, à ń bomi, à ń ra ìgbẹ́ adìyẹ, fún fláwà tó jẹ́ pé láti Mọ́ńdè dé Fúráìdè ojú wa ò ní kàn án. Tannáposó ni fláwà òṣìṣẹ́ jàre, ìgbà tẹ́ ẹ bá ń ṣí géètì lòun náà ń là, NEPA ì báà mú iná lọ, ẹ ó ṣáà gbọ́ òórùn ẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n ń tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, mi ò rí ìkankan tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní iye tí mo san.

Gbogbo ibi tí mo kọ́kọ́ dé, ẹ̀rín ni wọ́n fi mí rín. Ixora wà rẹpẹtẹ, igi maskerédì wà, ficus wà, kápẹ́ẹ̀tì gíráàsì wà nílẹ̀ ní wíwé, ọ̀já ìkookò tí àwọn bàbá wa ń gbìn sẹ́yìn ilé ti dénú pọ́ọ̀tù funfun, wọ́n ń tà á fáwọn tó ní ọ́fíìsì oní-AC. Mo ní ẹ jọ̀ọ́, tannáposó ńkọ́, ọmọkùnrin kan ní "Bọ̀dá, ìyẹn kì í ṣe fláwà nau, koríko ni." Òmíì ní òun ní i, inú mi dùn, ó sáré wọlé, ó gbé vinca jáde, ó là fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ nínú òòrùn ago méjìlá. Mo wò ó, ó wò mí. Mo ní ẹ ṣeun.

Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín nínú ọ̀rọ̀ koríko yẹn ni pé bougainvillea tí ọmọkùnrin àkọ́kọ́ náà ń pè ní 3,500 náírà, ẹbí kan náà ni òun àti tannáposó. Àwọn onímọ̀ ewéko ló pa wọ́n pọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdílé tí wọ́n ń pè ní Nyctaginaceae, ọ̀nà Amẹ́ríkà lọ́hùn-ún làwọn méjèèjì sì ti wá, bougainvillea láti apá Brazil. Kódà ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ wọn jọra. Ohun aláwọ̀ tẹ́ ẹ̀ ń rí lára bougainvillea kì í ṣe òdòdó ẹ̀, ewé ló pa àwọ̀ dà, òdòdó gan-an ni nǹkan funfun kékeré tó wà láàárín. Tannáposó náà, àwọ̀ tá a ń wò lójú ẹ̀ yẹn, ewé ìta tó yẹ kó máa bo òdòdó lásán ló sọ ara ẹ̀ di ọ̀ṣọ́. Ọmọ ìyá méjì, ọ̀kan di ọlọ́lá tó ń gun ẹnu géètì àwọn olówó ní Ìbarà GRA, wọ́n wá ń fi ọkọ́ ro èkejì dànù.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ka báyọ́lọ́jì ní sẹ́kọ́ńdìrì gan-an ti bá a pàdé. Ẹ rántí pupa àti funfun tí wọ́n fẹ́ra tí ọmọ wọn jẹ́ pínńkì? Tí pínńkì méjì bá tún fẹ́ra, ẹ ó rí pupa kan, pínńkì méjì, funfun kan. Tannáposó nìyẹn. Òun ni Carl Correns ará Jámánì fi ṣe iṣẹ́ ẹ̀, ọ̀kan lára àwọn tó hú ọ̀rọ̀ Mendel lórí bí ọmọ ṣe ń jogún ìrísí òbí ẹ̀ jáde lẹ́ẹ̀kejì ní 1900. Tísà wa yà á sórí bọ́ọ̀dù, a dà á kọ, wọ́n béèrè ẹ̀ nínú ìdánwò, ojúlówó ẹ̀ sì ń bẹ lẹ́yìn kíláàsì níbi tá a ti máa ń lọ tọ̀, kò sẹ́ni tó ní ẹ jẹ́ ká jáde lọ wò ó.

Ó yá, ọ̀dọ̀ ìyá wa yìí. Ẹni tó ń ta ìgbẹ́ adìyẹ fún mi l'Ọbáńtokò ló júwe ibẹ̀ fún mi. Mo bá wọn lórí àpótí, wọ́n ń ki erùpẹ̀ sínú ọ̀rá.

"Ẹ kú ìkàlẹ̀, mà."

"Oò, ẹ káàbọ̀. Kí lẹ máa rà?"

"Màmá, tannáposó ni mò ń wá o."

Wọ́n gbójú sókè, wọ́n wò mí tẹsẹ̀tẹsẹ̀. "Ọmọ ibo ni ẹ́?"

"Ọmọ Ìtòkò ni mí, mà."

"Mo ti mọ̀. Ẹ̀yin ọmọ inú ilé àtijọ́ lẹ máa ń béèrè ẹ̀. Máa bọ̀."

Bí wọ́n ṣe fi "ẹ" sílẹ̀ tí wọ́n bọ́ sórí "o" nìyẹn, ara mi sì balẹ̀. Ẹ̀yìn àwọn dúrọ́ọ̀mù omi ni wọ́n mú mi lọ, níbi tí omi ń ro sí, tannáposó bo gbogbo ibẹ̀. Wọn ò gbìn ín fún títà, ó hù fúnra ẹ̀, wọn ò kàn gbà kí ọmọ tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ ro ó ni. Ìrọ̀lẹ́ ni mo débẹ̀, ó ti ń là, mo sì lè fọwọ́ tọ́ka sí àwọ̀ tí mo fẹ́.

Bí wọ́n ṣe hú u gan-an ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́, torí ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé wọ́n mọṣẹ́. Wọn ò fà á tu. Wọ́n kọ́kọ́ fi ọ̀bẹ gé àwọn ẹ̀ka ẹ̀ kúrò, ó ku kùkùté kékeré, wọ́n wá ń fi ṣọ́bìrì ọwọ́ gbẹ́ ìdí ẹ̀ yí ká, wọ́n ń gbẹ́ jìnnà sí i díẹ̀ kí irin má baà ta á. Nígbà tí isu ẹ̀ jáde, ó tóbi tó ọwọ́ mi, ara ẹ̀ dúdú, gbòǹgbò wínníwínní yí i ká, ibì kan tí ṣọ́bìrì ṣì ha díẹ̀ funfun nínú. Wọ́n fi erùpẹ̀ tútù bò ó, wọ́n fi ọ̀rá wé e, wọ́n fi okùn dì í lẹ́nu.

"Má bomi jù fún un o, isu ẹ̀ á rà. Tí ewé ẹ̀ bá rọ lọ́sàn-án, má jáyà, tó bá di ìrọ̀lẹ́ á nà. Èso lo máa fi bẹ̀rẹ̀ tó o bá fẹ́ kó pọ̀, rẹ ẹ́ sómi mọ́jú kó o tó gbìn ín."

Mo ní kí wọ́n bá mi mú pọ́ọ̀tù kan. Wọ́n kọ̀. Wọ́n ní kí n má fowó ṣòfò, ilẹ̀ ló fẹ́, isu ẹ̀ á máa tóbi lọ́dọọdún. Ẹni tó ń ta pọ́ọ̀tù ló sọ bẹ́ẹ̀ o! Ó wà níbẹ̀ tí wọ́n tò ó jọ, 4,000 ni wọ́n ń pe èyí tó kéré jù. 300 náírà ni wọ́n gbà lórí ìdì tannáposó kọ̀ọ̀kan, wọ́n fi èso ẹ̀ tí wọ́n pọ́n sínú bébà ìwé ìròyìn ṣe ènì. Mo ra ixora náà, 500 ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n mú dáadáa.

Ó wá ku ohun tí kò dáa. Àkọ́kọ́, kò sí iye lára nǹkan kan, ojú yín ni wọ́n máa wò kí wọ́n tó pe owó. Mo ṣì wà níbẹ̀ tí ọkùnrin kan páàkì jíípù, ixora tí wọ́n tà fún mi ní 500 di 800 lójú mi báyìí, màmá ò tijú, wọ́n tiẹ̀ tún ṣẹ́jú sí mi. Mo rẹ́rìn-ín. Tó bá jẹ́ èmi ni mo gbé jíípù wá ńkọ́? Wọn kì í gba tiransífà, wọ́n ní àléètì èké ti jẹ àwọn lówó rí, tẹ́ ẹ ò bá sì ní owó lọ́wọ́ ẹ máa fẹsẹ̀ rìn lọ wá oní-POS, ẹ ó tún san owó tiẹ̀. Erùpẹ̀ dúdú inú àpò tí wọ́n ń tà, òkúta pọ̀ nínú ẹ̀, àmọ́ Abẹ́òkúta ni, kí lèèyàn ń retí.

Ọmọ tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ yẹn gan-an ló burú jù. Kì í kí èèyàn, fóònù ló ń tẹ̀, ẹ pè é ẹ̀ẹ̀mẹta kó tó dáhùn "ẹn". Ìgbà kan tí mo lọ ra hibiscus sí i, èyí tó gbé fún mi, gbogbo abẹ́ ewé ẹ̀ ni kòkòrò funfun tó ń fa oje ewé lẹ̀ mọ́, màmá ló rí i tí wọ́n já a gbà lọ́wọ́ ẹ̀, tí wọ́n fi òmíì pààrọ̀ ẹ̀. Ká ní wọn ò sí níbẹ̀, ilé ni mo máa gbé kòkòrò yẹn lọ bá àwọn tó kù. Ẹ máa yí ewé wò lábẹ́ kẹ́ ẹ tó sanwó. Lẹ́yìn ìyẹn mo ní kí wọ́n fi bougainvillea ránṣẹ́ sí mi, 2,500, owó yẹn dáa, àmọ́ ọlọ́kadà tí wọ́n bá mi pè gbé e há àárín ẹsẹ̀, ẹ̀ka tó gùn jù ti ṣẹ́ kó tó dé, ìdajì erùpẹ̀ ìdí ẹ̀ ti dà sọ́nà, ó sì gba 1,500 ẹ̀ pé pérépéré. Mo pe màmá, wọ́n ní ọ̀rọ̀ èmi àti ọlọ́kadà nìyẹn. Èyí yẹn bí mi nínú, torí mi ò mọ ọlọ́kadà náà rí, àwọn ni wọ́n pè é. Ìràwọ̀ kan ni mo yọ fún un, mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún wọn, ká ní ti ọmọ yẹn nìkan ni, ì bá jẹ́ méjì.

Tannáposó náà mú. Abẹ́ fèrèsé pálọ̀ ni mo gbìn ín sí, mo da ìgbẹ́ adìyẹ tó ti jẹrà díẹ̀ sí i. Ọ̀sán àkọ́kọ́, ewé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ rọ bẹ̀rẹ̀bẹ̀rẹ̀, nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ ó nà bí wọ́n ṣe wí. Nígbà tó wá ń gbèrú, láńlọ́ọ̀dù dé, wọ́n ní "Ẹ̀yin, ṣé koríko lẹ wá ń gbìn síwájú ilé mi báyìí?" Mo ní ẹ bá mi padà wá nírọ̀lẹ́, sà. Wọ́n padà wá lóòótọ́, owó iná ni wọ́n bá wá o, kì í ṣe fláwà, àmọ́ ó ti là, wọ́n dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ti ilé bàbá wọn l'Aké àti bí wọ́n ṣe ń fi èso ẹ̀ ju ara wọn, wọ́n sọ ọ́ títí, wọ́n lọ, wọn ò rántí owó iná mọ́. Ìyẹn nìkan ti dá 300 náírà mi padà. Ọmọbìnrin mi ní kí n kọ́ òun ní yẹtí tí mo ń sọ, ọwọ́ mi tóbi jù, mo ní kó pe àǹtí ẹ̀ lórí WhatsApp fídíò, àwọn méjèèjì jọ ba òdòdó jẹ́ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n ṣáà rí ọ̀kan so sí etí.

Ẹ̀bi tannáposó kan ni pé kò mọ ààlà. Èso ẹ̀ ń já sílẹ̀ lójoojúmọ́, ibi tẹ́ ẹ ò rán an ló máa hù sí, ó ti wà nínú ihò intalọ́ọ̀kì mi báyìí, tẹ́ ẹ bá jẹ́ ẹni tó fẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ fónífóní, ẹ ra ixora kẹ́ ẹ jókòó jẹ́ẹ́. Ẹ má sì retí ẹ̀ nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, á wọlẹ̀ lọ, ẹ má hú isu ẹ̀ dànù.

Tẹ́ ẹ bá máa lọ, lẹ́yìn ago mẹ́rin ni kẹ́ ẹ lọ, kẹ́ ẹ lè fojú rí àwọ̀ tẹ́ ẹ̀ ń rà. Ẹ mú kéèṣì dání. Ẹ wọ kẹ̀kẹ́ Marúwá, tó bá sì jẹ́ mọ́tò ni, ẹ páàkì ẹ̀ síbi tó jìnnà. Ẹ má lọ ní Sọ́ńdè, ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n máa ń wà. Ẹ kí màmá dáadáa, kẹ́ ẹ má bá ọmọ yẹn sọ̀rọ̀ rárá. Pupa wà, yẹ́lò wà, alámùúlùmálà pọ̀. Funfun ò sí mọ́, mo ti kó gbogbo ẹ̀.